Ọjọ́ tí Màmá Àgbà Wọ Ọkọ̀ Bàíà

Kí Màmá Àgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ariwo mẹ́ta péré ni mo mọ̀ mọ ilé wa: hítà abẹ́ fèrèsé tó máa ń dún gbà-gbà-gbà bí ẹni pé ẹnìkan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ jáde, agogo ẹlifétọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́ bàbá mi nígbà tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Àjà kẹta la wà nínú ilé gogoro kan lẹ́bàá Weston Road ní ìlú Toronto, yàrá méjì, pálọ̀ kan, àti ilé ìdáná tí ènìyàn méjì kò lè yí nínú rẹ̀ láìfara kanra. Nígbà tí Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti Èkó dé, ariwo mìíràn bá wọn wọlé. Tẹ̀sùbáà wọn á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pe orúkọ mi láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì, “Ṣímbì, oòrùn ti jí jù ọ́ lọ.” Oòrùn kò tíì yọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, yàrá kan náà ni èmi àti wọn jọ ń sùn, ọdún kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ sọ nípa rẹ̀ níbí, nítorí pé títí di òní, bí mo bá bá ilẹ̀kùn ilé mi tó ṣí sílẹ̀, ọdún náà ni ara mi ń rántí kí iyè mi tó rántí ohunkóhun.

Sátidé ni ọjọ́ frẹ́jọ̀n. Ẹ̀wà ni, wọ́n á sè é títí á fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á da omi àgbọn àti ṣúgà sí i, wọ́n á tún gbé e kaná títí á fi ki. Èmi ni mo ń rin àgbọn. Màmá Àgbà á jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á máa ṣọ́ ọwọ́ mi. “Má yára. Àgbọn kì í sá lọ. Ìka rẹ ló lè lọ.” Bí mo bá dá wọn lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́ kọjá. Mo ní láti tún un sọ ní Yorùbá kí wọ́n tó gbọ́. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ Yorùbá tí mò ń kọ yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ tèmi kò rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìgbà tí a bá ń rin àgbọn ni wọ́n máa ń sọ ìtàn ilé Bàíà. Wọ́n ní òkè òkun, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ni wọ́n bí bàbá bàbá àwọn sí, nínú oko ẹrú. Nígbà tí ó di òmìnira, ó bá ọkọ̀ ojú omi padà sí Èkó pẹ̀lú iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ àti Kùránì lábẹ́ abíyá. Ó kọ́ ilé ńlá kan sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sọ ọ́ ní Bàíà, orúkọ ìlú tí wọ́n ti bí i. Kò tán síbẹ̀. Kànga tó wà láàárín agboolé, ó sọ ọ́ ní Pàrá. Àpótí tí ìyàwó rẹ̀ ń kó aṣọ sí ń jẹ́ Màrànyọ̀. Òbúkọ kan wà tó lágídí, tó máa ń kan àwọn àlejò nídìí, Pẹnambúkò lorúkọ tirẹ̀. Nígbà tí òbúkọ yẹn sì kú, èyí tí wọ́n rà rọ́pò rẹ̀ náà ń jẹ́ Pẹnambúkò. Màmá Àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Baba wa wo gbogbo ibi tí ojú rẹ̀ ti rí, ó sì fi sọ ẹran.” Ọjọ́ tí tíṣà wa na àwòrán ayé mọ́ ara ògiri, tó nawọ́ sí ibì kan ní Bùràsíìlì tó pè é ní Pernambuco, èmi ni mo nawọ́ sókè tí mo ní òbúkọ ni. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Mo délé, mo fẹjọ́ sùn. Màmá Àgbà kò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, “Ta ló gbé orúkọ òbúkọ wa lọ kọ sára ògiri?”

Ó yẹ kí n ti fura sí ìdáhùn yẹn. Ìgbà tí òtútù mú gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi ti iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó bá ojú sítóòfù tó pọ́n bí ẹyin iná, kò sí ìkòkò lórí rẹ̀, Màmá Àgbà sì wà ní yàrá, wọ́n ń kírun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń di ẹrù. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kó aṣọ méjì, tẹ̀sùbáà àti búrẹ́dì kan sínú gèlè, wọ́n á dì í, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ mú mi lọ sí Bàíà. Wọ́n ń retí mi.” Bàbá mi á ní, “Lọ́la, Màmá. Ẹ jẹ́ kí yìnyín yìí yọ́ ná.” Ìyá mi á ní lọ́la. Auntie Mulikat tó ń gbé lájà karùn-ún, tó máa ń wá jókòó tì wọ́n láàárọ̀, á ní lọ́la ni, Ìyá, ọ̀la kọ́ ló jìnnà. Dókítà ló ní kí ẹnikẹ́ni má bá wọn jiyàn. Gbogbo wa la wá ń ná ọ̀la bí ẹni pé a mọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú wọn á yí padà. Lọ́jọ́ kan wọ́n wo bàbá mi, ọmọ tí wọ́n fúnra wọn bí, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni yín? Kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe?” Bàbá mi jẹ́ ẹni tó sá kúrò ní Nàìjíríà nígbà ìjọba ológun, tó ti sùn sí àhámọ́ nítorí ohun tó sọ nípàdé, n kò sì rí i kó sọ̀rọ̀ ìgbà yẹn pẹ̀lú ìbẹ̀rù rí. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ó bọ́ sí báńkónì láìwọ kóòtù, ó dúró síbẹ̀ títí ìyá mi fi lọ pè é wọlé. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba bàbá ẹni. Èmi náà wá ń bẹ̀rù Màmá Àgbà. Wọ́n á gbá ọrùn ọwọ́ mi mú pẹ̀lú agbára tí n kò mọ̀ pé wọ́n ní, wọ́n á tẹjú mọ́ mi, n kò sì ní mọ ẹni tí wọ́n ń wò. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni ọmọ ṣe máa sọ pé òun ń bẹ̀rù ìyá bàbá òun?

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Yìnyín bọ́ débi tí wọ́n fi ti ilé-ìwé. Auntie Mulikat gbọ́dọ̀ lọ sí ṣíìfù rẹ̀ ní aago méjì, ìyá mi yóò sì dé ní aago mẹ́ta láti ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́. Auntie ń wọ bàtà yìnyín rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Wákàtí kan péré ni, Ṣímbì. Má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni o.” Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí n ó ṣe bí ẹni tó wà nínú ilé bá fẹ́ jáde.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí Auntie jáde tí Màmá Àgbà bọ́ sí ojú fèrèsé. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì náà. “Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti mí mọ́lé!” Wọ́n tún gbá a. Gíláàsì náà ń mì. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́,” wọ́n sì yí ojú sí mi, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o wà lára wọn.” Mo wo ìta, bóyá n ó rí ìyá mi tó ń bọ̀. Ohun tí mo rí ni ọkọ̀ funfun kan tó dúró níwájú ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń gbé èso wá fún ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran halal. Wọ́n kun ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i lára, wọ́n kọ lẹ́tà márùn-ún gàdàgbà sábẹ́ ewé náà: BAHIA. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, mo sì ti ń kà á bí òyìnbó ṣe máa kà á. Ọjọ́ yẹn ni ẹnu mi já H àárín rẹ̀ sọnù. Mo gbọ́ ohun tí mo kà.

“Màmá, ẹ wò ó, ọkọ̀ yín ti dé. Bàíà ni wọ́n kọ sí i lára. Ibẹ̀ ló ń lọ.”

Wọ́n fi iwájú orí kan gíláàsì, wọ́n wò ó. “Ta ló rán an wá?”

“Àwọn ará ilé yín ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká jẹun ná. Kò tíì ní í lọ.”

Ojú wọn rọ̀ wọ̀ọ̀. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, “Ọlọ́run á dá ọ sí.” Mo wọ ilé ìdáná lọ gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín kaná, inú mi sì dùn, ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé mo ti gbọ́n ju gbogbo àgbà ilé lọ. Hítà ń pariwo. N kò gbọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo gbé abọ́ jáde, kò sẹ́nì kan ní pálọ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu. Ẹrù inú gèlè ti lọ. Kóòtù ńlá wọn ṣì wà lára ìṣó.

Mo sá jáde. Ẹlifétọ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀, mo gba àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo dé ìta, òtútù gbá mi létí bí ẹni tó ń bínú. Ọkọ̀ náà ti lọ. Ipa táyà rẹ̀ nìkan ló kù lórí yìnyín, pẹ̀lú sálúbàtà kan, tẹsẹ̀ òsì, tó dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo mú un. Mo pe Màmá lẹ́ẹ̀mẹta, atẹ́gùn gba ohùn mi. Mo wá ṣe ohun tó ṣì ń tì mí lójú. Mo padà sókè, mo da oúnjẹ padà sínú ìkòkò, mo fọ abọ́, mo ju sálúbàtà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì jókòó. Nígbà tí ìyá mi wọlé tó ní, “Màmá dà?” mo ní, “Mi ò mọ̀. Mo wà ní báfúrọ́ọ̀mù.”

Kí aago mẹ́rin tó lù, ilé ti kún. Bàbá mi dé láti Woodbridge, níbi tó ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, òróró ẹ́ńjìnnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé pín ara wọn sí ọ̀nà, àwọn kan lọ sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, àwọn kan lọ sí etí odò. Ọlọ́pàá méjì dúró ní pálọ̀ wa pẹ̀lú bàtà tútù. Èyí tó jẹ́ obìnrin bi bàbá mi bóyá ibì kan wà tí Màmá máa ń fẹ́ lọ. Bàbá mi ní, “Bàíà.” Ọlọ́pàá náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo yọjú wò ó: *Buyer*. Ó rò pé Màmá fẹ́ lọ bá ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ni. Bàbá mi gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó wá dúró, ó ń wo lẹ́tà náà bí ẹni tí kò kọ ọ́ rí. Ó sáré lọ gbé ìwé fóònù ńlá, èyí tí orúkọ gbogbo ìlú Toronto wà nínú rẹ̀. Bahia pọ̀ níbẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Bahia kan ń gẹ irun. Bahia kan ń kọ́ni ní ijó. Bahia kan ń ta kọfí, òmíràn ń ta táìlì. Bàbá mi ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ìyá arúgbó kan?” Wọn kò rí i. Àwọn kan tilẹ̀ ti pa fóònù kó tó parí ọ̀rọ̀.

Mo dúró lẹ́yìn ìjókòó bàbá mi ní gbogbo àkókò yẹn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ti jẹ́ kí tèmi balẹ̀, mo sì ń fi ẹsẹ̀ bo èèpo rẹ̀. Lójú fèrèsé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo gbọ́ tí ọlọ́pàá ọkùnrin náà rọra sọ fún èkejì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé bí kò bá sí kóòtù lọ́rùn ẹni tó dàgbà tó báyẹn, wákàtí díẹ̀ péré ló lè fara dà á. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Mo fa apá aṣọ bàbá mi. “Daddy, èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ọkọ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́tà márùn-ún, àti bí mo ṣe ní àwọn ará ilé wọn ló rán an wá. Mo lọ mú sálúbàtà wá látabẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Mo ń retí ìgbátí, mo tilẹ̀ ti dijú dè é. Bàbá mi gba sálúbàtà náà, ó fi sínú àpò kóòtù rẹ̀, ó ní, “Wọ bàtà rẹ. Ìwọ lo mọ ọkọ̀ náà.”

Ọlọ́pàá àti bàbá mi jọ sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹlẹ́ran halal, ó sì ní nọ́ńbà ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà. Manuel lorúkọ rẹ̀. Manuel ní kì í ṣe òun, òun kò gbé ẹnikẹ́ni. Nítorí yìnyín, ṣọ́ọ̀bù wa ni òun dé gbẹ̀yìn, òun darí lọ tààrà sí ibi tí òun ń gbé ọkọ̀ sí ní Woodbridge, òun sì ti wà nílé. Ohùn rẹ̀ wá yí padà lórí fóònù. Ó ní ìgbà tí òun ń ru páálí wọlé, òun fi ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, àpótí tí òun fi ń gun ọkọ̀ sì wà nílẹ̀. Ó ní òun ń padà lọ síbi ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣíwájú, a tẹ̀ lé e. Bàbá mi ń wakọ̀. Yìnyín ń rọ́ lu gíláàsì iwájú, mo sì ń ka àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó ń kọjá, dúdú, gígùn, láìní fèrèsé. Mo ń rò pé bí Màmá bá kú, èmi ni mo pa wọ́n. Bàbá mi sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi. “Ṣímbì, irọ́ tìrẹ jẹ́ ẹyọ kan. Tèmi, mi ò mọ iye rẹ̀.” Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

Manuel ti dé. Ọkùnrin kúkurú ni, aṣọ ìsùn ló wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin wà nínú gáréèjì náà, mo nawọ́ sí èyí tí ewé rẹ̀ ti ń ṣí lára. Ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀. Páálí ló kún ibẹ̀. Bàbá mi pè, “Màmá!” Kò sí ohùn kankan. Mo di etí mi. Bàbá mi gùn ún, ó ń ti páálí sọ́tùn-ún sósì, ó sì dúró lójijì. Wọ́n wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n jókòó sórí páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, gèlè ẹrù wọn wà lórí itan, wọ́n dijú. Ìka kan ló ń rìn lórí tẹ̀sùbáà. Bí ìka yẹn ṣe mì, bàbá mi ké igbe kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, kò sì jọ ohùn ọkùnrin.

Manuel ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ọlọ́pàá: òtútù máa ń ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí hítà fi wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, tí gáréèjì náà kì í sì í tutù jù. Ẹsẹ̀ òsì tí kò ní bàtà, tí wọ́n fi tẹ yìnyín, ni òtútù wọ̀. Àwọn dókítà gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan níbẹ̀ ní ọsibítù. Manuel wá kí wọn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé máńgòrò wá. Bàbá mi bi í bóyá ọmọ Bahia ni. Ó ní rárá o, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Potogí ni wọ́n ti bí òun, òun kò dé Bùràsíìlì rí. Ẹni tí òun ra òwò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ajá ẹni náà kan ló ń jẹ́ Bahia.

Nígbà tí Màmá Àgbà padà wálé, ìyá mi ti ní kí wọ́n kan àgádágodo kékeré sókè ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ Màmá kò lè tó. Mo ń yẹra fún wọn. Mo ń jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kí n lè tètè jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú wọn mọ́ kedere, wọ́n pè mí.

“Ṣímbì, níbo ni ọkọ̀ yẹn gbé mi lọ?”

“Woodbridge ni, Màmá. Irọ́ ni mo pa fún yín. Kò lọ sí Bàíà.”

“Mo mọ̀.” Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n dì ní báńdéèjì. “Kò sí Bàíà mọ́. Wọ́n ti wó o. Bàbá rẹ ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà náà, mo pọ̀n ọ́n, mo dúró lójú títì, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wó o.”

“Kí ló dé tí ẹ wá fi ń ní ká mú yín lọ síbẹ̀?”

Wọ́n fọwọ́ pa báńdéèjì náà. “Ibẹ̀ ni ìyá mi wà nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ.”

N kò mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba ẹni tó dàgbà tó yẹn. Mo bi wọ́n, “Ṣé ẹ̀rù máa ń bà yín, Màmá?”

“Lójoojúmọ́, ọmọ mi. Mo máa ń jí, n kò sì mọ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì.”

Mo dìde lórí àga ẹnu ọ̀nà. Mo lọ jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ọwọ́ mi sínú tiwọn, mo ní, “Èmi ni, Màmá. Ṣímbì ni.” Wọ́n dì í mú, pẹ̀lú agbára yẹn náà, n kò sì fà á kúrò.